Lórí Ọ̀rọ̀ “Abominable” àti Ìríra Tí A Fi Ń Túmọ̀ Rẹ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ilé-ìwé a máa kọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ó sì lè máa ṣì wọ́n lò títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni abominable. Ó gùn lẹ́nu, ó dún bí ìlù ńlá, ó sì wà nínú Bíbélì; nítorí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé ọbẹ̀ kan kò dùn, a ní abominable ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ bú ẹgbẹ́ rẹ̀, a ní abominable ni. Olùkọ́ tí inú bí sí iṣẹ́ tí a kọ ní wúruwùru, òun náà a fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí etí ìwé. Bí a bá sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn yóò fún wa: ìríra ni. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Iṣẹ́ tí a gbé ka iwájú wa nínú àròkọ yìí ni láti yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò, ti Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa, kí a lè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà; nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ohun tí ara wa kọ̀, kì í pẹ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ènìyàn tí a kọ̀.

Ọ̀ràn náà sì kan àwa ará ilẹ̀ Okun gidigidi. Ọmọ tí a bí ní Ponyan, ní ilẹ̀ Yàgbà, a máa bá èdè mẹ́ta pàdé ní kékeré. Èdè Yàgbà ni ti ilé àti ti oko. Yorùbá inú ìwé ni ti Bíbélì àti ti ìwé orin. Gẹ̀ẹ́sì ni ti ilé-ìwé àti ti ìdánwò. Láyé ìjọba àwọn òyìnbó, abẹ́ Ẹkùn Kábà ní ìhà Àríwá ni a fi wá sí. Ní 1967 a bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 a sì di ara Ìpínlẹ̀ Kogi. Nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé rẹ̀ ni ó pa Yorùbá inú ìwé mọ́ láàárín wa, láti ìgbà tí Thomas Titcombe ti Sudan Interior Mission ti dé Egbe ní 1908. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ wa bá ń fi ìríra túmọ̀ abominable, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kan ni ó ń fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé mìíràn, tí ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń sọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò sì dá sí i rárá. Ibẹ̀ ni àṣìlò ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá. Omen ni àwọn ará Róòmù ń pe àmì tí ó ń sọ ohun tí ń bọ̀, yálà rere tàbí búburú: bí ẹyẹ ti fò, bí àrá ti sán, bí ènìyàn ti kọsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Bí ará Róòmù bá rí àmì búburú, a yí ojú kúrò níbẹ̀, a sì gbàdúrà kí ibi náà fò ó dá. Ìṣe yìí ni wọ́n ń pè ní abominari. Àwa náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ibi ní òwúrọ̀ láàárín wa a ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a sì máa fi ọwọ́ yí orí ká. Nípa báyìí, ohun tí ó jẹ́ abominable ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ohun tí ń rùn, kì í sì í ṣe ohun tí kò dùn lẹ́nu. Ohun tí a ń sá fún ni, nítorí ibi tí ó lè fà wá bá.

Lẹ́yìn náà ni àṣìṣe ńlá kan ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn akọ̀wé kan gbà pé kì í ṣe inú omen ni ó ti jáde bí kò ṣe inú homo, èyí tí í ṣe ènìyàn ní èdè Látìnì. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ó jìnnà sí ìwà ènìyàn, ohun tí kò yẹ ọmọ ènìyàn. Nítorí èyí wọ́n fi lẹ́tà h sí àárín rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ ní abhominable. Bẹ́ẹ̀ ni a rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àti nínú ìwé eré Shakespeare tí a tẹ̀ ní 1623. Shakespeare tilẹ̀ fi olùkọ́ ilé-ìwé kan, Holofernes, ṣe ẹlẹ́yà nínú eré rẹ̀ tí a ń pè ní Love’s Labour’s Lost: ọkùnrin yìí bínú gidigidi sí àwọn tí ń yọ h sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wò ó bí ó ti pani lẹ́rìn-ín tó: olùkọ́ náà ń fi ìgbéraga gbèjà àṣìṣe, àwọn tí ó ń bá wí ni wọ́n sì gbà á. Nígbà tí ó yá, h náà kúrò. Ṣùgbọ́n èrò tí ó mú un wọlé kò kúrò tán. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti àmì ibi ti kọ́ bí a ti ń bọ́ sára ènìyàn, tí a sì ń fi í sọ pé lágbájá kì í ṣe ènìyàn bíi tiwa.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti lo ọ̀rọ̀ náà títí ó fi fúyẹ́. Nínú Bíbélì wọn ti 1611, ẹrù ìbọ̀rìṣà àti ti ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ni ó ń rù. Lónìí ará Lọ́ńdọ́nù lè fi í sọ òjò tí kò dá, ọkọ̀ ojú irin tí ó pẹ́, tàbí tíì tí ó ti tutù, kò sì ní ju pé inú rẹ̀ kò dùn. Ìríra tiwa kò tí ì fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí àgbà Yàgbà kan tí yóò wo òjò kí ó ní òjò ìríra ni. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí abominable weather nínú ìwé, tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ojú ọjọ́ ìríra, ó ti gbé òkúta lé orí ẹni tí ó béèrè fún òrùka ọsùn. Ojú ọjọ́ tí ó burú jáì ni, ó tán.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó fi hàn bí ìtúmọ̀ kan ṣoṣo ti lè ba ojú ọ̀rọ̀ jẹ́. Ní 1921 àwọn òyìnbó kan tí Charles Howard-Bury jẹ́ olórí wọn lọ yẹ òkè Everest wò. Wọ́n rí ipasẹ̀ kan lórí yìnyín, àwọn aláàárù wọn sì fún ẹni tí ó ni ipasẹ̀ náà ní orúkọ kan ní èdè wọn. Nígbà tí wọ́n padà, akọ̀ròyìn kan tí ń jẹ́ Henry Newman, ẹni tí ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn The Statesman ní Calcutta, bá àwọn aláàárù sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ pé béárì ni ó ń tọ́ka sí, òun gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ̀gbin ni wọ́n ń wí. Kò sì fi í sílẹ̀ ní ẹ̀gbin, abominable ni ó kọ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti ń sọ̀rọ̀ Abominable Snowman. Ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mú, tí kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, ti gba orúkọ burúkú lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìtúmọ̀ lè di ìdájọ́.

Wàyí o, kí a yí sí Bíbélì. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, ọ̀rọ̀ Hébérù tí Gẹ̀ẹ́sì sábà fi abomination túmọ̀ ni to’ebah, ó sì farahàn ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Ohun tí ìsìn tàbí àṣà kan kọ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kejì wà, sheqets, èyí tí ó jẹ́ ti àwọn ẹranko àti kòkòrò tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ. Nínú Májẹ̀mú Titun, bdelygma ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì, àwọn onímọ̀ èdè sì so ó pọ̀ mọ́ òórùn burúkú. Ẹ rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ará ìgbàanì gbà dé ibi kan: Hébérù gba ọ̀nà òfin, Gíríìkì gba ọ̀nà imú, Látìnì gba ọ̀nà àmì. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Nígbà tí ó sì kan Yorùbá, àwa náà fi àpò kan gbà á.

Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ yìí jù lọ ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Odidi Bíbélì Yorùbá sì parí ní 1884. Ìríra ni ọ̀rọ̀ tí a yàn. Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń wí? Ẹ tú u wò. A máa ń wí pé nǹkan rí ni lára: rí àti ara ni ó di ríra, ríra ni ó sì di ìríra. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí kórìíra yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe òfin ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe àmì, ara ni. Ara bù rìrì, itọ́ kún ẹnu, inú ń rìn, ènìyàn sì fà sẹ́yìn kí ó tó ronú rárá. Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí èèwọ̀. Èèwọ̀ ni ohun tí a kì í ṣe tàbí tí a kì í jẹ, bí ó tilẹ̀ dùn. Ọmọ ilé kan lè má jẹ ẹran kan láti ọdún dé ọdún nítorí pé àwọn baba rẹ̀ kò jẹ ẹ́, kí òórùn ẹran náà sì máa wù ú. Èèwọ̀ ni ẹran náà jẹ́ fún un, kì í ṣe ìríra.

Bí a bá fi ìyàtọ̀ yìí yẹ iṣẹ́ Crowther wò, a óò rí ibi tí ó ta yọ àti ibi tí ó kù díẹ̀. Ibi tí ó ta yọ ni Ìwé Òwe orí kọkànlá, níbi tí a ti sọ ohun tí òṣùwọ̀n èké jẹ́ lójú Olúwa. Òṣùwọ̀n kò rùn. Ẹni tí ó bá ń fi kóńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ sínú wọn ìrẹsì lè wọ aṣọ funfun, kí ìsọ̀ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìríra ni olùtúmọ̀ lò, ẹ̀tàn inú ọjà di ohun tí ń rí ni lára bí ẹran tí ó ti bàjẹ́. Bí ó bá ti lo èèwọ̀, a óò mọ̀ pé kò yẹ kí a ṣe é. Nígbà tí ó lo ìríra, ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ ọ́n ní inú ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní agbára yìí mọ́, nítorí pé ará Lọ́ńdọ́nù ti ná an tán lórí òjò. Nínú ẹsẹ yìí, mo gbà pé Bíbélì wa kọjá Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ó kù díẹ̀ ni tábìlì Jósẹ́fù, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹtàlélógójì. A sọ fún wa níbẹ̀ pé àwọn ará Íjíbítì kò lè bá àwọn Hébérù jẹun pọ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà ni, to’ebah, ìríra sì ni a fi túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ka ibẹ̀ yóò rò pé ara àwọn Hébérù ń rùn, tàbí pé wọ́n dọ̀tí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣà ilẹ̀ Íjíbítì ni ó kọ̀ ọ́. Èèwọ̀ wọn ni. Bí àwọn baba wa ti wí, bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé níbẹ̀, àwọn ènìyàn Ọlọ́run gan-an ni a ń sá fún. Àwọn tí a ó fún ní òfin lẹ́yìn náà nípa ohun tí wọn yóò máa sá fún, àwọn fúnra wọn ti kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí a kò lè bá jẹun. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, ìríra sì bò ó mọ́lẹ̀. Bákan náà ni nínú Léfítíkù orí kọkànlá: àkójọ ohun tí a kì í jẹ ni, àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ èèwọ̀ ìdílé wọn ì bá sì ti lóye rẹ̀ lójú kan náà. Ẹ má ṣe gbọ́ mi bí ẹni tí ń bu ọlá Crowther kù. Gẹ̀ẹ́sì ti da àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sì jọ mí lójú pé ẹni tí ń wàásù ní ayé tirẹ̀ yóò fẹ́ yàgò fún ọ̀rọ̀ tí ó so mọ́ ìbọ òrìṣà.

Kí ni ó mú kí ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa? Nítorí oúnjẹ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ irú mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kì í fara pamọ́. Èso igi igbá ni a ń sè, tí a ń bó, tí a tún ń sè, tí a sì ń dáàbò bò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi wú, tí yóò sì ta sánsán. Àjèjì tí kò jẹ ẹ́ rí a dí imú, a sì sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, disgusting, èyí tí ó ti inú gustus wá, ìtọ́wò ní èdè Látìnì. Kò tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́wò. Ilẹ̀ òyìnbó sì ní wàràkàṣì tí ó rùn ju irú lọ, tí wọ́n ń tọ́jú sínú ihò ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n sì ń fi owó gọbọi rà. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú méjèèjì: a jẹ́ kí ohun kan wú kí ó lè pẹ́, kí ó sì dùn. Ọmọ wa tí ó bá padà láti ìlú ńlá, tí ó wá ń pe irú ìyá rẹ̀ ní abominable, kò tí ì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Imú ẹlòmíràn ni ó yá.

Ti oúnjẹ ṣì fúyẹ́. Ti ènìyàn ni ó wúwo. Ìgbà kan wà tí a ka bíbí ìbejì sí èèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, tí àwọn ọmọ ọwọ́ tí kò mọ nǹkankan sì ń kú nítorí rẹ̀. Lónìí, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ayọ̀ ilé. Ìbejì kò yí padà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè wọ́n ni ó yí padà. Ẹ tún wo adẹ́tẹ̀. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ a máa rí ni lára, ara ni ara ń jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò dúró níbẹ̀, wọ́n ní ẹni ìríra ni, wọ́n lé e sí ìta ìlú, wọ́n sì wá ẹ̀ṣẹ̀ kan rù ú. Ní 1873 ni Hansen, oníṣègùn ará Nọ́wè, rí kòkòrò tí ń fa ẹ̀tẹ̀. Láti 1981 ni àjọ ìlera àgbáyé sì ti fi àṣẹ sí àpapọ̀ oògùn tí ń wò ó sàn. Àìsàn ni, bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Ara wa lè kọ ohun kan láìjẹ́ pé ohun náà burú. Ohun kan sì lè burú gidigidi láìjẹ́ pé ara wa kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa sá fún aláìsàn, yóò sì máa bá olè aláṣọ funfun jẹun.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ má ṣe fi ìtúmọ̀ kan dáhùn. Ẹ kọ́ wọn pé ohun tí a ń sá fún ni ó ń jẹ́ abominable, kì í ṣe ẹni tí ń sá. Ẹni tí ń sá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, abominate; ohun náà fúnra rẹ̀ ni abomination. Ẹ bi wọ́n léèrè, ní ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti bá a pàdé, bóyá ara ni ó kọ̀ ọ́, tàbí àṣà, tàbí ẹ̀rí-ọkàn. Bí ó bá jẹ́ ara, kí wọ́n wí pé ó rí ni lára tàbí pé ẹ̀gbin ni. Bí ó bá jẹ́ àṣà, kí wọ́n wí pé èèwọ̀ ni, kí wọ́n sì sọ èèwọ̀ ta ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rí-ọkàn, nígbà náà ni kí wọ́n mú ìríra jáde pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìwé tí a kọ ní wúruwùru kò sí nínú ọ̀kankan. Ọwọ́ ọmọ ni kò tí ì gún; kí olùkọ́ kọ bẹ́ẹ̀ sí i. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́, ọkàn ọmọdé sì ni ó ń fọ́ sí.

Ẹnìkan lè wí pé bí a bá ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀, kò ní sí ohun tí a ó lò ó fún mọ́. Ó wà. Ní 1821 àwọn akónilẹ́rú kó Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí, níbi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní 1822. Ọmọ náà ni Ajayi. Àwọn tí wọ́n rà á kì í ṣe ẹni tí ń rùn. Oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n sì ní òṣùwọ̀n. Nígbà tí ó di àgbà, tí ó jókòó ti tábìlì láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí Olúwa kò lè wò, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ jù ú lọ láti yan ọ̀rọ̀ tí ó ti inú ara wá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìríra sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: fún títa ènìyàn, fún òṣùwọ̀n èké, fún ọwọ́ tí ń ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Ká má ṣe ná an lórí ọbẹ̀ ẹlòmíràn.